Mo Ní Mo Wà ní Àbíjàn

Ọṣẹ ló tú u fó. Mo ń wẹ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi yọ̀ gba abẹ́ ọmú òsì kọjá, ó bá kókó kan pàdé tó le bí ekùrọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Mo ní àlejò jẹ́ẹ́jẹ́ ni, mo wọṣọ, mo lọ jó níwájú Olúwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ibẹ̀ ni mo ti gọ̀: jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi fún un láyè, títí awọ ibẹ̀ fi rí bí èèpo ọsàn.

Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Òṣogbo, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé bíńtín nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Dókítà ní nínú àwọn ohun tíntìntín tí Ọlọ́run fi mọ ara wa, àwọn kan ti ya aláìgbọràn, wọ́n ń pọ̀ sí i láìdúró. Wọn yóò fa oògùn sí mi níṣan lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, kí kókó náà lè súnkì, kí wọ́n tó gé ọmú náà. Mo ní ṣé wọn ò kúkú ní gé ẹnu mi, òun ló ń fa wàhálà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ike ni mo ń tà lọ́jà Ẹ̀jìgbò. Mi ò fẹ́ kí oníbàárà máa wo àyà mi kó tó ná abọ́, ni mo bá ní mò ń lọ sí Àbíjàn. Nílùú wa, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní èèyàn ní Àbíjàn, kò sẹ́ni tó ń bi èrò ibẹ̀ ní ìdí. Wọ́n kàn ní kí n ra atíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, bọ̀ ni. Mo gba gbogbo ìránṣẹ́, mo sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi Rónkẹ́ ní Màsífà, ibi tí ọ̀kadà ń gbéni dé kí itọ́ ẹnu tó gbẹ.

Oògùn náà kò mọ àwàdà. Irun mi já tán, ẹnu mi di egbò, omi lásán ń korò. Bí wọ́n bá pè mí láti ọjà, màá yọ orí nínú korobá tí mò ń bì sí, màá fi Faransé wọn kí wọn, “Sa fa! Àbíjàn dùn!” Irọ́ náà ṣiṣẹ́ jù: ta ló ń bẹ ẹni tó ń gbádùn wò? Rónkẹ́ ní oko, ó ní ọmọ ọwọ́, èmi nìkan ni mo ń dá jókòó nílé ìwòsàn láàárín àwọn tí ẹnìkan ń bá di fíláásì mú. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, mo sọ fún un pé mi ò lọ mọ́. Ó sunkún. Èmi ò sun. Ó ti rẹ̀ mí.

Ó ku ọjọ́ méjì kí n gba ìkẹrin ni Ìyá Fáúsà, ẹgbẹ́ mi tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, já wọlé. Àbíjàn gan-an ló ti dé. Ó ti wá mi títí níbẹ̀, kò rí mi, ló bá pe Rónkẹ́ títí ó fi jẹ́wọ́.

“Ìyá Bọ́sẹ̀! Ṣé Màsífà ni wọ́n gbé Àbíjàn wá?”

“Jókòó, madáàmù.”

Ó rí orí mi. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Kó o má baà máa káàánú mi.”

“Àánú wo? Ìwọ tó o máa ń fa oníbàárà mi! Wàá dìde lọ gba oògùn yẹn. Mi ò lè máa bá ìsọ̀ títì jà.”

Ó bá mi lọ. Ó bá ẹni tó fẹ́ já ìlà jà, ó fi ìborùn rẹ̀ bo ẹsẹ̀ mi. Ní ìgbà karùn-ún àti ìkẹfà, àwọn obìnrin ọjà ń gbà á fún ara wọn: ẹni tó bá kàn á ti ìsọ̀, á tẹ̀ lé mi. Wọn ò fajú ro. Òfófó ni wọ́n ń gbé wá, òun ni mo fi ń gbé ẹ̀kọ mì.

Wọ́n gé ọmú náà. Ọdún méjì rèé, dókítà ò tíì rí kókó mìíràn, mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Apá òsì mi kì í gbé ẹrù wúwo mọ́. Bí a bá fọwọ́ kan àyà ibẹ̀, n kì í mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, mo dijú. Ìyá Fáúsà ló tẹrí sún mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́.

Mo ní, “Ó burú?”

Ó ní, “Rárá o. Ó dà bí ojú tó sùn.”

Ìgbà yẹn ni mo tó la tèmi. Ojú tó sùn ni lóòótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ara tó kù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ bá mi wò ó.