Búrẹ́dì Àgége fún Bàbá Ará Ṣikágò

Àlùbọ́sà ni mo ń gé lọ́jọ́ náà, ojú mi ti kún fún omi kí ọ̀rọ̀ náà tó dé rárá. Máníjà wa yọrí sí kíṣìnì, ó ní, "Bàbá ará Ṣikágò yẹn pè. Ìrọ̀lẹ́ òní ló ń padà sílé pátápátá. Ó ń bọ̀ wá jẹ sáńwíìṣì tiẹ̀ kẹ́yìn. Ṣe é bó ṣe fẹ́ ẹ. Yalla, ó yá!"

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìkùukùu ò tíì kúrò lójú omi Dubai Marina. Láti fèrèsé kékeré tó wà níbi tí a ti ń fọ abọ́, orí àwọn ilé gíga nìkan ni mò ń rí, wọ́n dúró lójú òfurufú láìní ẹsẹ̀, bí ẹni pé ìlú náà ò tíì pinnu bóyá kó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa.

Ṣọ́ọ̀bù sáńwíìṣì Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó débẹ̀, mo rò pé sáńwíìṣì ò ju oríṣi kan lọ. Àṣé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, wọ́n sì lè torí ẹ̀ dìjà. Ti Ṣikágò, ẹran màlúù tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, pẹ̀lú ata inú fínígà, a ó wá ri búrẹ́dì náà tòun tẹran bọ inú omi ẹran títí tí á fi máa kán tótó. Ti Filadẹ́fíà, orí irin gbígbóná la ti ń dín ẹran àti àlùbọ́sà, a ó da ṣíìsì lé e. Ìyẹn ò gbọdọ̀ fojú kan omi ẹran.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bàbá yẹn ń wá. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará Filadẹ́fíà, tó tó màmá mi lọ́jọ́ orí, náà ń wá. Wọn kì í jọ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jókòó sí, kí wọ́n lè ríra wọn bú dáadáa.

"Ṣé búrẹ́dì yín ti wẹ̀ lónìí?" nọ́ọ̀sì á bi í.

"Tiyín ńkọ́, tó gbẹ bí igi ìdáná? Tó bá há yín lọ́fun, ẹ má pè mí o."

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni mo ṣe àṣìṣe mi. Nílé wa, bí àgbà méjì bá jókòó sídìí tábìlì kan, o ò gbọdọ̀ bu omi ọbẹ̀ fún ọ̀kan kí o wá fi èkejì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Èmi bá ri tàwọn méjèèjì bọ omi ẹran. Nọ́ọ̀sì tú bébà, ó figbe ta: "Ọmọ yìí ti pa mí sódò o!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Mo kúnlẹ̀ sórí táìsì tèmi ti épúrọ́ọ̀nù, ni àwọn méjèèjì bá dìde láti fà mí sókè. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ wọn.

Mo ṣí àpótí búrẹ́dì. Búrẹ́dì gígùn tí a fi ń ṣe ti Ṣikágò ti tán. Àwọn àlejò tó wá najú ti ra èyí tó kù, róbótó nìkan ló ṣẹ́kù, ìyẹn sì máa ń yọ́ dànù nínú omi ẹran. Máníjà pe àwọn tó ń ṣe é, wọ́n ní ó di ọ̀la. "Khalas, ó parí," ló wí, "fún un ní róbótó."

Ṣùgbọ́n odindi búrẹ́dì Àgége kan wà nínú báàgì mi. Mo rà á láàárọ̀ ní àdúgbò Deira, nígbà tí mo sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi láti Sharjah, ìlú tí mo ń gbé, kí n tó wọ reluwé metro. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ló ni ín. Ibí la bí i sí. Ohun tó mọ̀ nípa ilé ò ju búrẹ́dì yẹn lọ. Á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á máa wò ó bó ṣe ń wú padà. Ó ti ń béèrè ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ yẹn ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmi, odindi o." Mo ní odindi ni.

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: mo kọ́kọ́ pa báàgì náà dé. Ṣé bàbá mi ni? Ìgbà yẹn ni mo rántí oyún ọmọ yìí, nínú bedspace kan ní Sharjah, ibùsùn kan ṣoṣo tí mo háyà nínú yàrá ọ̀pọ̀ èèyàn, bí mo ṣe ń sunkún torí búrẹ́dì Àgége, tí kò sẹ́ni tó rí i rà fún mi. Ebi kọ́ ló ń pa mí nígbà yẹn, àárò ilé ni. Mo tún ṣí báàgì náà.

Mo gé ààbọ̀. Mo là á, mo ki ẹran sí i, mo rì í bọ omi. Kò já.

Nígbà tí bàbá dé, nọ́ọ̀sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àyè rẹ̀. Mo gbé sáńwíìṣì náà fún bàbá, ó dìde dúró bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílùú rẹ̀, ó fẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà. Ó gé e jẹ. Ó yí i wò.

"Èyí kì í ṣe búrẹ́dì wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Búrẹ́dì ìlú tèmi ni."

Ó tún gé e jẹ, omi ẹran ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe òun," ó ní, "ṣùgbọ́n má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ni nọ́ọ̀sì bá já díẹ̀ lára ẹ̀, ó rì í bọ inú omi ẹran bàbá, ó yára gbé e mì. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún àwọn ará ilé mi o!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín pẹ́, àkókò àtilọ bàbá ti tó.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé Sharjah. Ọmọ mi tú báàgì, ó wo ààbọ̀ búrẹ́dì, ó wò mí.  "Màmi, ẹ ní odindi ni."

Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní, "Mo ṣèlérí odindi, ààbọ̀ ni mo gbé wá. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bàbá kan ló ń lọ sílé, búrẹ́dì rẹ̀ tán, mo fún un nínú tìẹ. Nígbà tó o wà nínú mi, èmi náà wá a títí, mi ò rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, odindi ni, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ó yá, lọ gbé ife tíì ẹ wá, kí n fi bí wọ́n ṣe ń rì í bọ inú ẹ̀ hàn ẹ́."