Ọdún tí Gbogbo Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wa Gbààwẹ̀

Télọ̀ ni Fàsásì, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á wá kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní bọ́ọ̀lù. Akọ̀wé ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, mo tún jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ni wọ́n bá ní kí n máa gbàdúrà fún wọn.

Lọ́dún náà, Lẹ́ńtì àti Rọ̀mọ̀dáànù wọnú ara wọn. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí gbààwẹ̀. Àwọn Krìstẹ́nì ní àwọn náà ò ní í jẹun, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìgbàgbọ́ tiwọn fúyẹ́. Inú Fàsásì dùn, inú tèmi náà dùn. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹgbẹ́ ìlú Okeluse nà wá. Ute nà wá méje sí òdo. Babátọ́pẹ́, ẹni tó yẹ kó máa gbá a wọlé fún wa, ní, "Kóòṣì, bí iyán ni bọ́ọ̀lù yẹn ń rí lójú mi!"

Fàsásì ní, "Kí ló dé tó ò gbé e mì?"

Nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì pè wá. Ó ní tí a kò bá gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé, òun á tú ẹgbẹ́ náà ká. Fàsásì àti Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ kò tíì rí ọmọ bí; àwọn ọmọ yìí ló ń pè ní tòun. Mo ti bá wọn gbàdúrà ọmọ náà tipẹ́. Lálẹ́, mo kúnlẹ̀ nítorí góòlù. Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ tàwọn ará Arimogija tí a fẹ́ bá gbá a ni? Mo sáà ṣe àmín.

Mọ́tò Arimogija pẹ́ lọ́nà. Wọ́n ti jẹ àkàrà yó kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti gbá mẹ́ta wọlé wa nígbà tí ladáànì pe ìrun àṣálẹ́. Ni Fàsásì bá já wọ pápá.

"Rẹfirí! Ẹ̀yin náà ń gbààwẹ̀, ẹ má purọ́!"

Rẹfirí rẹ́rìn-ín, ó fun fèrè. Fàsásì bẹ̀rẹ̀ sí í pín dàbínù àti omi.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun jàre," làwọn ará Arimogija ń wí, "ebi ò dáa fún ẹni tí wọ́n ń nà."

Babátọ́pẹ́ wojú mi. "Bàbá ìjọ, ṣé dàbínù Mùsùlùmí ò ní ba Lẹ́ńtì mi jẹ́?"

"Jẹun, ọmọ yìí!"

Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan, ó ba ẹni Arimogija kan léjìká, ó yí gbirigbiri wọlé. Fàsásì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ni wọ́n fi nà wá, àmọ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì wà níbẹ̀, ó rí i.

Mo bi Fàsásì pé nínú àdúrà tèmi àti tirẹ̀, èwo ló gbà. Ó ń kó jẹ́sì jọ.

"Bàbá ìjọ, mi ò mọ̀. Ẹ bá mi di èyí mú. Ọjọ́ Ajé la ó tún bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ẹni tí kò bá jẹ sààrì kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ì báà ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín."