Orúkọ Tó Wà Lórí Káàdì Ọlábísí

Kò sí dókítà kékeré tó ń kọ́ nípa àrùn tó ń ràn ní ilé ìwòsàn fásitì nílùú Oǹdó tí kò bẹ̀rù Dókítà Moríyọ̀ Akínwùmí. Ọmọ Oǹdó gan-an ni, àmọ́ Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa fi ń bẹ̀rẹ̀: "Gbogbo ara gbígbóná kọ́ ni ibà ẹ̀fọn. Ẹ béèrè eku!" Ibà Lassa ló ń sọ, èyí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ń kó ran èèyàn, tí ẹni tó bá ní in sì lè kó ran ẹlòmíràn. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, Màmá Béèrè-Eku ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù Kejì, wọ́n gbé tíṣà kan láti Ọ̀dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, wọlé. Ọlábísí lorúkọ rẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oǹdó ni àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lérìgì rẹ̀. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, èsì àyẹ̀wò ti dé: Lassa ni. Wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, oògùn sì ti ń gba iṣan wọ ara rẹ̀ nígbà tí Moríyọ̀ kó àwọn dókítà rẹ̀ jọ síwájú gíláàsì yàrá náà.

"Ọjọ́ mélòó ló ti ń ṣàìsàn?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ, Mà," Goodness, ọ̀kan nínú wọn, dáhùn. Òun ló bá àwọn ará ilé Ọlábísí sọ̀rọ̀. "Ó rí dókítà kan lọ́jọ́ Sátidé, kó tó wá sí Oǹdó. Mo ya fọ́tò káàdì tó fún un."

"Kí ló kọ?"

"Ibà ẹ̀fọn. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta."

Inú bí Moríyọ̀. "Ṣé ó béèrè bóyá eku wà nílé?"

"Kò sí níbẹ̀, Mà."

"Dókítà wo nìyẹn? Ka orúkọ rẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́!"

Goodness wolẹ̀. Ó wo Kìtán, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í. Ìyẹn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ gbà á kà fúnra yín."

Moríyọ̀ gba fóònù náà. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ ló rí. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, gàdàgbà.

Ó wo obìnrin inú gíláàsì náà títí, kò dá a mọ̀. Ẹ̀yìn náà ló rántí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àkúrẹ́, níbi tó ti máa ń tọ́jú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́: èèyàn mẹ́tàlélógójì lórí bẹ́ńṣì, ooru ń mú, ìsìnkú kan ń dúró dè é ní Ìpógùn. Obìnrin kan ní ọ̀fun ń dun òun. Ó fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ó kọ ibà ẹ̀fọn, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

"Bóyá èrò ló pọ̀, Mà," Kìtán bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́." Ó dá fóònù náà padà fún Goodness. "Èmi ni mo kọ ọ́. Níbo ni ìwé orúkọ àwọn tó fara kàn án wà?"

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ń ṣọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Moríyọ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá kan ní Ìjàpọ̀, ọkọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún un. Láàárọ̀ lálẹ́ ló ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, tó bá sì ti wò ó tán, á pe Goodness: "Ọlábísí ńkọ́?" Lọ́jọ́ karùn-ún, Goodness ní kíndìnrín Ọlábísí ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Moríyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún kò jáde. Lọ́jọ́ kọkànlá, Goodness ní ó mu ẹ̀kọ.

Kò sẹ́ni tó kú nínú àwọn méjèèjì. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Moríyọ̀ wa ọkọ̀ lọ sí Ọ̀dà, ó jókòó ti Ọlábísí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láìfi kan pa mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni Ọlábísí ń wò ṣáá.

"Dókítà, ẹ bọ́ sápá òsì mi. Etí ọ̀tún ti bá àìsàn yẹn lọ. N ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ."

Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún Moríyọ̀ rí. Ó gbé àga rẹ̀ yí po sápá òsì Ọlábísí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé.