Obìnrin Ìjòyè Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí ní Rusholme

Ojú ara mi ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi, kì í sì í ṣe àlá. Ẹ lè ní àárẹ̀ ló ń dà mí láàmú, torí ó rẹ̀ mí lóòótọ́ nígbà yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ àárẹ̀ kì í di irun fún ọmọ.

Mi ò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa.

Ọdún 2011 ni. Mọ́rẹ́nikẹ́, àkọ́bí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje, eyín sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé ní Stretford, ní Manchester. Iṣẹ́ òru ni ọkọ mi ń ṣe ní warehouse, èmi ń ṣe tèmi lójú mọmọ, ẹnu ọ̀nà la ti máa ń ríra. Òun á na ọwọ́ gba ọmọ, èmi á na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò rántí bóyá mo ti jẹun.

Ọ̀dọ̀ Anti Fúnkẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti pẹ́ ní Manchester. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń fọ̀. Tí wọ́n bá ti parí ọdún, tí wọ́n kó jáde, àwa la máa wọlé pẹ̀lú bleach kí àwọn tuntun tó dé. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tí kò bá tíì fọ ààrò tí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún fi dáná fọ́dún kan gbáko, kò tíì rí nǹkan kan láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin tó ń bá mi tọ́jú Mọ́rẹ́ tí ọkọ mi bá pẹ́ níbi iṣẹ́ pè mí pé kí n má gbé e wá o, chickenpox ti bo ara àwọn ọmọ tòun. Ọkọ mi sì ti gba shift kún shift, kò tíì wọlé. Mo bá pe Anti Fúnkẹ́.

"Gbé e máa bọ̀," wọ́n ní. "Kí la fẹ́ ṣe? Àmọ́ tí onílé bá yọjú, Ìyá Mọ́rẹ́, mi ò mọ̀ ẹ́ rí o. Màá ní mi ò mọ ẹni tó bí i."

"Ẹ ṣé, mà."

"Má kí mi. Tètè dé."

Ilé gíga kan ni, bíríkì pupa, alájà mẹ́ta, ní Rusholme, lẹ́yìn Wilmslow Road. Òórùn ẹran sísun láti ilé oúnjẹ àwọn ará Pakistan wọ ibẹ̀ látàárọ̀. Anti Fúnkẹ́ mú kíṣìnì, èmi mú òkè pátápátá, níbi tí yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ kan wà.

Inú yàrá yẹn ni mo ti rí àwòrán náà lára ògiri, ó ga tó èèyàn. Obìnrin kan ni, ó wọ aṣọ pupa, ó jókòó lórí ràkúnmí. Ojú rẹ̀ tutù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni adé rẹ̀. Kò dé e sórí rárá. Okùn pupa ló fi so ó mọ́ ìbàdí.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Becky ṣì ń di ẹrù rẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀. Ó gun òkè wá gba fóònù rẹ̀ tó ń gba iná lọ́wọ́, ó rí mi tí mò ń wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní duchess ni, ìyẹn obìnrin ìjòyè, láàárín àwọn ẹ̀mí èṣù. Ó ní inú ìwé àwọn onídán ayé àtijọ́ ni wọ́n ti mú un jáde, tí wọ́n wá fi sínú géèmù àti ìwé ìtàn, pé òun ló máa ń mọ ibi tí ohun tó bá fara pamọ́ wà. Ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá náà máa ń tẹ orí ba fún un láàárọ̀ kó tó lọ ṣe ìdánwò. Wọ́n fi ń ṣeré ni.

"Ṣé ó wá yege?" mo bi í.

Ó yọ fóònù rẹ̀ kúrò lára iná. "Ó yege. Kò kàn padà wá kó ẹrù ẹ̀ ni."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún Anti Fúnkẹ́. Wọn ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ààrò.

"Ìyálóde àwọn èṣù," wọ́n ní. "Àwọn òyìnbó mà ráyè o. Ká a kúrò lára ògiri. Àmọ́ má jù ú nù, ẹrù ayálégbé ni, wọ́n á ní a jalè."

Mo ká a bí ẹní. Kò sí ibi tí mo lè gbé e sí ju orí àtẹ̀gùn lọ, níbi tí mo gbé kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí Mọ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ sí. Mo fi ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi gbé e síbẹ̀.

Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, Becky ti lọ. Bleach tán, Anti Fúnkẹ́ jáde lọ ra òmíì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa láti ìta. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Oòrùn ń ràn. Kì í ṣe ibi tó ṣókùnkùn, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Inú ilé ìwẹ̀ ni mo wà, mò ń fọ báàfù, Mọ́rẹ́ ń sunkún lórí àtẹ̀gùn bó ṣe ń sunkún látàárọ̀.

Ẹkún náà dá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo jáde. Obìnrin kan dúró ti kẹ̀kẹ́ náà. Mi ò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín. Ó lè jẹ́ ẹni ogójì ọdún, ó lè jẹ́ ẹni ọgọ́rin. Kóòtù pupa gígùn ló wọ̀ nínú ooru yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán bíi ti ẹni tí kò gbé ẹrù rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ẹ má bi mí bóyá mi ò mọ̀ pé òun ni. Àwòrán ni mo rí láàárọ̀. Èèyàn ni mo rí lọ́sàn-án. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé onílé ti dé, ó ti bá mi pẹ̀lú ọmọ, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Àtèmi àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó ń kán omi sílẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà." Yorùbá ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ó wò mí. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti kúnlẹ̀ fún mi. Àwọn ará ilé yìí kàn máa ń tẹ orí ni."

Mi ò lè sọ irú èdè tó fi sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú títí. Ó yé mi ni mo mọ̀.

Ó yí ojú sínú kẹ̀kẹ́. "Ọmọ ta ni?"

Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn. Ní Ṣágámù tí wọ́n ti tọ́ mi, tí àgbàlagbà bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti fi dá a lóhùn. Tí mo bá sọ òmíì, màmá mi á ní wọn ò kọ́ mi nílé.

"Ọmọ yín ni, mà."

Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀bùn fún nígbà tí kò retí.

"Tèmi?"

"Tiyín ni, mà." Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, kó má baà lé wa jáde.

"Gbé e fún mi nígbà náà. Kí o jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, kò sẹ́ni tó sọ pé ó ti rẹ̀ mí. Báwo lọmọ, ṣé ọmọ ń sùn, ṣé ọmọ ń jẹun, ni gbogbo ayé ń bi mí. Omi bọ́ lójú mi. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé Mọ́rẹ́ láti orí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ fún àgbà, mo sì gbé e fún un.

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn. Bó ṣe yí padà, kóòtù rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo rí okùn náà ní ìbàdí rẹ̀. Mo rí ohun tó so mọ́ ọn, ó kan igi àtẹ̀gùn, ó dún, kíń. Mo rí i, mo mọ ohun tí mo rí, ojú mi sì ń pa dé. Mi ò sun irú oorun bẹ́ẹ̀ rí.

Ọwọ́ Anti Fúnkẹ́ ló jí mi.

"Ìyá Mọ́rẹ́. Ọmọ dà?"

Kẹ̀kẹ́ ṣófo. Mi ò lè sọ bí ara ṣe rí fún mi. Ẹni tó bá ti bímọ mọ̀ ọ́n.

Inú yàrá òkè la ti rí i. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Mọ́rẹ́ kò tíì lè dá jókòó nígbà yẹn o, ìrọ̀rí la máa ń fi tì í lẹ́yìn. Ó jókòó ṣánṣán, ó dojú kọ ògiri tí mo ti ká àwòrán kúrò. Wọ́n ti di irun rẹ̀ ní ṣùkú, wẹ́wẹ́, ó mọ́ra. Irun tí kò tíì gùn tó èékánná mi. Nígbà tí a tú aṣọ rẹ̀ wò, okùn pupa wà ní ìbàdí rẹ̀.

Anti Fúnkẹ́ mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé okùn náà.

"Ta ló wọlé?" wọ́n bi mí.

"Màmá onílé ni, mà."

"Ọkùnrin ló ni ilé yìí. Bolton ló ń gbé. Màmá ẹ̀ ti kú tipẹ́." Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn hàn mí. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn báyìí."

Ẹ gbọ́ ohun tó ń tì mí lójú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, Mọ́rẹ́ sùn mọ́jú. Alẹ́ kejì náà, ó sùn. Èmi náà sùn. Inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, mo tún ń fi ìpara pa ẹsẹ̀. Ó tó oṣù kan gbáko kí ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Torí kò sunkún fún mi mọ́ rárá. Tí mo bá na ọwọ́ láti gbé e, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi, bí ọmọ tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó gba bisikí lọ́wọ́ àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó wá.

Health visitor, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ọmọ nílé, ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ọmọ náà ń dàgbà dáadáa ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ wa ní Oldham. Wọ́n fi òróró yàn án, wọ́n gbàdúrà títí òógùn fi bò wọ́n. Wọ́n wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé o fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan níbẹ̀?"

Mo ní rárá, sà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Ni mo bá pinnu pé èmi náà ni màá lọ gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé. Mo parọ́ fún Anti Fúnkẹ́ pé mo gbàgbé nǹkan, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo pọn Mọ́rẹ́, mo fi ọ̀já gbà á pinpin, kí n má baà rí i gbé fún ẹnikẹ́ni. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ni. Mo gun òkè, mo wọ yàrá náà, mo nàró láàárín rẹ̀, mo sì sọ ọ́ ketekete.

"Ọmọ mi ni. Ẹ̀yẹ ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún yín, mà. Èmi ni mo bí i. Ọmọ mi ni."

Bọ́ọ̀sì nìkan ni mò ń gbọ́ lójú títì. Mo ti fẹ́ máa dúpẹ́ nígbà tí ohùn náà wá, lẹ́yìn mi gan-an, níbi tí orí ọmọ mi wà.

"Mo gbọ́. Orúnkún rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo wo ilẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mi ò kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Mi ò rántí bí mo ṣe délé.

A ti kó lọ sí Oldham báyìí. Mọ́rẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ara rẹ̀ le, ó gbọ́n, àwọn olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Tí nǹkan bá sọnù nínú ilé, òun la máa ń bi. Ọkọ mi ní ọmọ òun ní làákàyè. Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Tí mo bá ti fi í sórí bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́, mo máa ń sọ ọ́ sí i létí: "Ọmọ mi ni ẹ́. Ọmọ mi ni ẹ́."

Á fọwọ́ kàn mí lójú, pẹ̀lú àánú. "Mo mọ̀, Mummy. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí màmá tó wà lẹ́yìn yín náà lè gbọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ ilé dáa, ẹ fi kọ́ wọn. Àmọ́ tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí bá wo ọmọ yín tó bèèrè pé ọmọ ta ni, ẹ nàró dá a lóhùn. Ẹ ní, ọmọ mi ni. Tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.