Ọkùnrin Tó Ń Da Omi Sórí Òrùlé

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo lé gbẹ́nàgbẹ́nà wa, inú sì ń bí mi sí ara mi títí di òní.

Mo ra ògbólógbòó ilé onírin tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọ́ kiri lọ́wọ́ àwọn tó tẹ́ ọ̀dà sí ọ̀nà Kpingni. Mo fẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà náà kan plákò, pátákó funfun yẹn, mọ́ àjà àti ògiri rẹ̀ kíákíá, nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá gbàdúrà ní Dassa lóṣù kẹjọ ni yóò gba yàrá ìyá mi, ìyá mi yóò sì máa sùn nínú ilé onírin náà.

Kí ọkùnrin yìí tó kan ohunkóhun, yóò da omi sórí òrùlé, yóò wọlé, yóò dùbúlẹ̀, yóò máa wo òkè. "Ẹ jẹ́ kí òrùlé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ni ó máa ń wí.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bú u: "Ṣé oorun lo wá sùn ni?"

"Mẹ́tírì," ni ó pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, "ó ń jò lókè ibùsùn ìyá. Mi ò ní fi plákò bo egbò."

Mo lé e. Ẹlòmíràn kàn án tán lọ́jọ́ kan, mo sì yìn ín. Òjò kejì ni àjà mu omi yó, ó wó lu ìyá mi, ó ṣẹ́ ẹ lápá.

Ọkùnrin tí mo lé gbọ́, ó dé, ó kí ìyá mi, kò kí mi.

"Mẹ́tírì, bí ọmọ iléèwé bá fo ìlà, ẹ ń nà án. Ta ni yóò na ẹ̀yin?"

"Èmi ni," ni ìyá mi dáhùn, "bí apá mi bá san."

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà gbé garawa omi, ó gun òrùlé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ dùbúlẹ̀ pẹ́ tó bó ṣe fẹ́.