Ọjọ́ Tí Kíláàsì Wa Wọ Igbó Ìjọba

Nígbà tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé wa, lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́, igbó ìjọba kò jìnnà sí wa rárá. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ ó máa wo orí àwọn igi ọ̀gànwó àti arère lókè réré. Bàbá mi ni aṣọ́gbó ibẹ̀. Ìjọba fún un ní kakí, fìlà àti kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù bàbá mi ń ba àwọn obìnrin abúlé. Igi ìdáná ni wọ́n ń lọ ṣẹ́. Bí ó bá bá wọn níbẹ̀, á gba àdá wọn, á tò ó sẹ́yìn ìlẹ̀kùn wa. Opó kan wà ládùúgbò tó ń fi àkàrà dídín tọ́ ọmọ. Mo rántí bó ṣe kúnlẹ̀ níwájú ilé wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, igi gbígbẹ ni. Ó ti wó fúnra rẹ̀."

Bàbá mi ní, "Ó gbẹ o, ó tutù o, igi ìjọba ni."

Kò dá àdá náà padà. Èmi sì ń yan káàkiri, pé bàbá mi kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Nígbà tí mo dé kíláàsì karùn-ún, tíṣà wa pè é wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa igbó. Ó ní gbogbo igi tí ìjọba bá tà ni òun ń lu òǹtẹ̀ sí nídìí. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀, olè ló gé e. Ó ní kí tíṣà kó wa wá wo igbó lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn gan-an, ni tíṣà bá kó wa lọ ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá mi kò mọ̀.

Orin là ń kọ lọ. Nígbà tí a wọ igbó, a gbọ́ ariwo kan, a rò pé alùpùpù ni. Bí a ti yọ, ọ̀gànwó ńlá la bá nílẹ̀, àwọn ọkùnrin kan dúró tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi. Bàbá mi jókòó lórí igi náà láàárín wọn, ó ṣí fìlà, ó ń jẹ ẹran ìgbẹ́.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo pariwo, "Bàbá mi rèé!"

Ọmọ opó yẹn, tí a jọ wà ní kíláàsì, sáré lọ wo ìdí igi náà. Kò ní ìkà nínú o. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ló ń wá. Ó yí i po, ó tún yí i po.

"Tíṣà, n ò rí òǹtẹ̀ o!"

Tíṣà wo bàbá mi títí. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ló wí. Bàbá mi ń wá fìlà, bẹ́ẹ̀ orókún rẹ̀ ló gbé e lé.

Tíṣà dá wa padà. Kò sẹ́ni tó kọrin mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ di ọwọ́ ara wa mú rọra yọ ọwọ́ tirẹ̀. Mò ń wá ilẹ̀ tí yóò là kí n wọlẹ̀.

Kí bàbá mi tó dé, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìyá mi. Kò pariwo. Ó kó àwọn àdá sínú agbọ̀n, ó gbé e síwájú bàbá mi bó ti wọlé.

"Ẹ lọ dá a padà fún àwọn tó ni ín. Kí ọmọ yìí tẹ̀ lé yín."

Ojúmọmọ ni. À ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan gba tiwọn láìwo ojú wa. Opó yẹn gba àdá rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ó sì bu omi tútù fún un. Bàbá mi mu ún, omi ń dà sí kakí rẹ̀. Ká ní ó bú wa ni, ì bá sàn fún mi.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gba oko ẹ̀gẹ́ lọ. Iwájú ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn pátápátá ni, títí ó fi kú.

Lóde òní, igbó náà ti di oko àti ilé. Ọkọ̀ agbégilódò ń kọjá lọ́sàn-án gangan, kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi bi mí pé ta ló gé gbogbo igi ibẹ̀ tán. Mo ní, "Bàbá mi wà lára wọn." Mo rò pé yóò dákẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ ni.

"Háà, Màmá, bàbá yín mà mọ̀ ọ́n ṣe o! Kí ló dé tí ẹ ò wá lówó?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wa nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni ojú ń tì.