Obìnrin Orí Ẹja Tó Wọ Sùtánà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, ẹ mọ òórùn rẹ̀ dáadáa: èéfín díẹ̀, aṣọ tútù díẹ̀, ooru tó ń ta ni nímú. Nílé tiwa ní Sabon Gari, òórùn kan tún wà tí ilé yín ò ní. Òórùn owó tí wọ́n ń lọ̀ ni. Láràárọ̀ Sátidé, kí ọyẹ́ tó ká kúrò lójú títì, bàbá mi á ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, á to owó ilẹ̀ òkèèrè lé e, á fi aṣọ mìíràn bò ó, á wá máa fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Télọ̀ ni Bàbá. Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé wa ní Yoruba Road. Látìgbà tó ti dé Kano, kò tíì rìn padà kọjá Jẹ́bà, ṣùgbọ́n òwe tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni, "Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́." Màmá mi á ní, "Ẹ̀yin wá ńkọ́, Bàbá Dúpẹ́, èwo lẹ ti rí nínú àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún?"

Ìgbà tí àwọn sójà yí àwọ̀ náírà ni àìsàn owó òkèèrè yìí kọlù ú. Ẹ ò tíì gbàgbé. Owó tí Bàbá fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì kò rí báńkì wọ̀ títí ọjọ́ fi pé, ó sì di bébà tí àwa ọmọdé fi ń ṣe ọlọ́jà lẹ́yìnkùlé. Bàbá búra pé òun ò ní fọkàn tán owó ìlú tí sójà lè gbé mọ́tò wọ̀ mọ́. Ìlú tí omi yí ká lòun fẹ́. Ó wá wọn nínú máàpù ilé ìwé mi, ó rí wọn, wọ́n dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lójú agbami. Bí ẹni tó ń gbé Kano, níbi tí a ti ń ra omi lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó Tonga àti Sàmóà jọ sínú álíbọ́ọ̀mù nìyẹn.

Alhaji kan tó ń pààrọ̀ owó ló ń bá a wá wọn. Owó tí báńkì bá kọ̀, tí ọjà náà sì kọ̀, Alhaji á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bari in kai wa Baba Tela," kí òun gbé e lọ fún Bàbá Télọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé bébà kan wá dípò owó iṣẹ́ ríga tí Bàbá rán fún un: dọ́là mẹ́ta, ti àwọn Erékùṣù Cook.

"Ta ló rí bébà dọ́là mẹ́ta rí láyé?" Màmá ló ń bèèrè. "Ó dáa. Ẹ gbé e lọ sí ọjà Yankaba kẹ́ ẹ fi ra tòmátì bọ̀. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

Bàbá ní ọ̀wọ́n ni, ó ní irú rẹ̀ kan ò sí ní gbogbo ilẹ̀ Àríwá. Èmi gbà á gbọ́, torí ohun tó wà lára owó náà: obìnrin kan, ìhòòhò goloto, lórí ẹja ńlá kan, irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, ẹ̀rù ò bà á rárá. Omi tó pọ̀ jù tí ojú mi tíì rí ni ti gọ́tà lásìkò òjò. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, màá wo obìnrin yẹn títí, màá sì lọ gun àpò èédú lẹ́yìnkùlé, màá máa wa ẹja tèmi lọ. Bí mo ṣe máa ń dúdú wọlé, Màmá nìkan ló lè sọ ọ́, òun ló ń fọ aṣọ.

Àfi bí Wòlíì ìjọ wa ṣe wá wọn sùtánà tuntun tí Bàbá rán fún un wò. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ní ohun rere tí kò lè pa á mọ́ra? Bàbá mi ni. Ó gbé álíbọ́ọ̀mù jáde. Wòlíì ń ṣí i, ó ń ní "Ògo! Ògo!" títí ó fi kan obìnrin orí ẹja. Ó ju álíbọ́ọ̀mù sílẹ̀ bí ẹni gbá iná mú.

"Bàbá Dúpẹ́! Màmí Wọtà lẹ ń bá gbélé!"

Màmá sáré ti ìdí àdògán dé pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Nígbà tó rí i, ó ní, "Abájọ!" Gbogbo àjálù ọdún yẹn ló kó lé obìnrin náà lórí. Ẹ̀wà tó kọ̀ tí kò jinná, òun ni. Sítóòfù tó ń rú èéfín, òun ni. Ipò ìkẹyìn tí mo gbà ní kíláàsì, òun náà ni. Ìyẹn nìkan ni mo fara mọ́.

Wòlíì ní kí wọ́n gbé owó náà wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n dáná sun ún. Màmá ní tòun ò gùn: "Ẹ yan ọ̀kan. Obìnrin inú owó, àbí obìnrin inú ilé." Àbúrò rẹ̀ ń gbé ní Hotoro, a sì mọ̀ pé kò ní í pẹ́ di ẹrù. Bàbá mi tó lè bá oníbàárà jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú nítorí bọ́tìnnì kan, kàn gbé ọwọ́ lé álíbọ́ọ̀mù, ó ń fi àtàǹpàkò pa ọ̀rá tó bo obìnrin náà lára.

Èdè tó kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu àwa tí wọ́n bí sí Kano kì í ṣe ti bàbá wa. Mo ké e jáde: "Baba, ka ɗinka mata riga mana!"

Ọwọ́ Màmá ti dé ìpàkọ́ mi. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́!"

Wòlíì ò tíì pẹ́ tó ti Ìjẹ̀bú dé, kò gbọ́ Hausa. "Kí lọmọ yẹn ń wí?"

Bàbá túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Ó ní ṣebí télọ̀ ni mí, kí n rán aṣọ fún obìnrin náà."

"Irú aṣọ wo?"

"Irú tiyín, Wòlíì."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ṣa àjákù aṣọ tó ṣẹ́ kù lára sùtánà Wòlíì gan-an nílẹ̀, ó fi sáàsì gé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rán an. Sùtánà kékeré bí èékánná, ó lápá, ó lọ́rùn, ó tún fi òwú búlúù ṣe ọ̀já ìdí rẹ̀. Kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan owó náà o; ara ọ̀rá álíbọ́ọ̀mù ló rán an mọ́. Wòlíì tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ẹja náà ńkọ́?"

"Wòlíì, Jónà gan-an ò rán aṣọ fún tiẹ̀."

Wòlíì kọ́kọ́ fún ojú pọ̀. Ìgbà tó yá, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ni ẹ̀rín bá bú jáde. Ó ní kí wọ́n gbé omi ìyàsímímọ́ wá, ó wọ́n ọn. Bàbá fi gbogbo àyà bo álíbọ́ọ̀mù kó má baà tutù, òun ló jẹ gbogbo ìbùkún náà. Màmá ò lọ sí Hotoro mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá kan Sátidé, òun fúnra rẹ̀ lá máa bèèrè pé, "Arábìnrin wa ńkọ́? Ẹ ti lọ aṣọ ẹ̀?"

Bàbá ti lọ sọ́run. Ọwọ́ mi ni álíbọ́ọ̀mù wà báyìí, nínú ìsọ̀ tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Sabon Gari. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ọkùnrin fi fóònù wá owó náà. Ó ní, "Mama, it's not rare o, ó pọ̀ bí nǹkan míì." Mo ní kó bá mi wá èyí tó wọ sùtánà. Ó wá a títí fóònù fi kú sí i lọ́wọ́.

Nígbà míì, bí ọjà ò bá yá, màá gbé etí sùtánà náà sókè díẹ̀. Ó ṣì wà lórí ẹja, irun rẹ̀ ṣì ń fẹ́. Èmi tí mò ń wa àpò èédú ní agbami, n kò tíì fojú rí òkun dòní. Bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bá ń gbé mi lọ sílé, tó bá ti fẹ́ yà ní kọ́nà, màá fọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú, màá pariwo mọ́ dírẹ́bà pé, "Malam, a hankali!" kó rọra. Èmi àti obìnrin orí ẹja la jọ wọ sùtánà. Òun ni kò jẹ́ kí tiẹ̀ dá a dúró.